Búrẹ́dì Dúdú Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Àwọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ lọ́wọ́ tí fóònù yín wà lórí àga, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró títí a ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á nítorí dátà, gbogbo yín pátá la kí. Láti Ìsìkàn nílùú Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló wà nílẹ̀ lónìí. Búrẹ́dì dúdú.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní iṣẹ́ kékeré kan fún yín. Tí búrẹ́dì kan bá wà nílé yín tí wọ́n kọ "wheat bread" tàbí "brown bread" sára ọ̀rá rẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn ọ̀rá náà padà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n ṣe ń to orúkọ èròjà sára oúnjẹ inú ọ̀rá ni pé èyí tó pọ̀ jù ló máa ń ṣíwájú, èyí tó kéré jù á sì wá kẹ́yìn. Ẹ wo èyí tó ṣíwájú. Tó bá jẹ́ "wheat flour" lásán ni wọ́n kọ, fúláwà funfun tí ẹ ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ náà nìyẹn. Àlìkámà ni òyìnbó ń pè ní wheat, ara àlìkámà ni fúláwà funfun náà ti wá, nítorí náà ẹni tó kọ ọ́ kò parọ́. Ẹ wá máa kà á lọ sísàlẹ̀. Bóyá ẹ máa rí "caramel" níbẹ̀. Àwọ̀ nìyẹn. Ṣúgà tí wọ́n fi iná sè títí tó fi dúdú ni.

Ìdí tí mo fi ń tú ẹ̀yìn ọ̀rá búrẹ́dì wò ni màámi. Lọ́dún tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní kí wọ́n dín búrẹ́dì funfun kù, kí wọ́n máa jẹ "wheat bread". Ẹni tó bá mọ màámi mọ̀ pé wọn kì í fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà ṣeré. A bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ kan, tó wọ́n ju funfun lọ. Màámi ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìka, tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì tí wọ́n bá jẹun, nọ́ńbà tí búrẹ́dì olówó iyebíye yìí ń gbé jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti funfun. Màámi kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣé àwọ̀ la wá ń fowó rà ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí, torí náà ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní òṣùwọ̀n kan tó ń sọ bí oúnjẹ kan ṣe máa ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Glycemic index lorúkọ rẹ̀. Glucose pọ́ńbélé ni wọ́n fún ní 100, wọ́n wá ń fi àwọn oúnjẹ yòókù wé e. Nínú àtẹ àgbáyé tí wọ́n gbé jáde ní 2008, búrẹ́dì funfun gba 75. Búrẹ́dì àlìkámà odindi, èyí tí wọ́n lọ̀ teèpo teèpo, gba 74. Mo tún un sọ o: 75 àti 74! Búrẹ́dì tí wọ́n fi hóró ọkà lóríṣiríṣi ṣe wá gba 53.

Kí ló fà á? Bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́ ni. Tí ẹ bá lọ ọkà kúnná bí àtíkè, kò sí ohun tó máa dí i lọ́wọ́ nínú ikùn yín, kíá ló ti di ṣúgà. Èèpo tó wà nínú rẹ̀ dáa fún ìgbẹ́ yíyà, àwọn èròjà aṣaralóore sì wà nínú èèpo yẹn, nítorí náà kì í ṣe pé kò wúlò. Àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ ká dá ṣúgà dúró díẹ̀, hóró tó ṣì wà ní hóró, tí ikùn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó fọ́, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́. Kíkan náà ń ràn án lọ́wọ́, torí oúnjẹ tó kan dáadáa kì í yára dà bí èyí tí kò kan.

Ibi tí búrẹ́dì dúdú tòótọ́ ti wọlé nìyẹn. Nílẹ̀ Jámánì, Poland, Rọ́ṣíà àti Finland, ọkà kan wà tí wọ́n ń pè ní ráì. Òtútù kì í tètè pa á, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá náà ò dí i lọ́wọ́, ìyẹn ni àwọn tálákà ibẹ̀ fi gbára lé e fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Wọ́n ń fi í ṣe búrẹ́dì tó wúwo, tó kan, tó sì dúdú. Èyí tó lókìkí jù ni pumpernickel ti àwọn ará Westphalia ní Jámánì. Hóró ráì fífọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń yan án fún wákàtí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná ṣe pẹ́ lára rẹ̀ ló fi dúdú. Ẹni tó bá ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́ kì í da àwọ̀ sí i.

Ráì tún ní ìwà kan tó yàtọ̀ sí ti àlìkámà. Tí ẹ bá po fúláwà àlìkámà, ẹ máa rí i pé ó ń fà bí rọ́bà. Fífà yẹn ló ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú búrẹ́dì tó fi ń wú fùkẹ̀fùkẹ̀. Ráì kì í fà bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń yọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, bí ìgbà téèyàn kó ọwọ́ bọ ewédú tó ki. Yíyọ̀ yẹn ló ń gbé e dúró. Ohun kan tún wà nínú ráì tó máa ń jẹ ṣítáàṣì rẹ̀ nígbà tó bá wà nínú iná. Tí wọ́n ò bá jẹ́ kó kan kí wọ́n tó yan án, inú rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ bí ohun tí kò jinná. Kíkan ló ń dá nǹkan náà lẹ́kun. Nítorí náà, kì í ṣe torí adùn nìkan ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kó kan.

Ó dáa. Ráì kì í hù lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá rí i ní Nàìjíríà, inú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tó ń kó ọjà òkèèrè wọlé ni, owó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Mi ò lè máa ra fúláwà tó wọ ọkọ̀ òkun kí màámi tó jẹ ègé búrẹ́dì méjì. Torí náà mo fi ráì sílẹ̀, mo wá ń wo ohun tó ń ṣe. Ohun mẹ́ta ni: hóró tí kò kúnná tán, kíkan, àti sùúrù. Ẹ̀yin ará Ìsìkàn, èwo ni kò sí nínú ọjà wa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹ rìn wọ ọjà Ìsìkàn láàárọ̀. Ẹ máa rí àwọn tó ń ta ọkà ní kóńgò kóńgò: àgbàdo, ọkà bàbà, àlìkámà. Ọkà bàbà pupa yẹn, òun náà là ń fi ṣe ògì bàbà. Ẹ tún máa rí ìyá ọlọ́gì. Ìyá yẹn ń rẹ ọkà sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó sílẹ̀, á sì kan. Omi tó dúró lé e lórí là ń pè ní omidùn. Èyí tí àwọn àgbà máa ń fi rẹ egbòogi yẹn. Omi yẹn kún fún àwọn ohun alààyè tójú ò lè rí. Ní 1970, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì I. A. Akinrele ti FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ògì ṣe ń kan. Lára ohun tó rí níbẹ̀ ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum, òun ló ń mú kó kan jù. Wọ́n máa ń rí irú kòkòrò yìí kan náà nínú ìwúkàrà tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe búrẹ́dì kíkan. Ẹ rántí ìwúkàrà, ẹ ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí yísìtì inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó dé, ìyẹ̀fun àná tó ti kan ni wọ́n fi ń wú ti òní.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Tá a bá ń ṣe ògì, a máa ń sẹ́ èérí rẹ̀ kúrò, ewúrẹ́ ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Nínú búrẹ́dì dúdú, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé, "Búrẹ́dì ọkà bàbà kẹ̀? Ìyẹn ò kì í ṣe búrẹ́dì." Ẹ jẹ́ ká ráńtí pé ẹnì kan ló kọ́ wa ní búrẹ́dì tá a mọ̀ yìí. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tó di 1921, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó, iṣẹ́ náà sì gbòòrò débi pé wọ́n ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Búrẹ́dì funfun, tó rọ̀, tó sì dùn, ló wá di tiwa pátápátá. Kò burú. Àmọ́ àlìkámà tó ń wọlé látòkèèrè ló so mọ́.

Ẹ bi àwọn òbí yín nípa 1987. Ọdún yẹn ni ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà, òfin náà sì wà títí di 1992. Láwọn ọdún yẹn ni àwọn aṣebúrẹ́dì ń wá ohun tí wọ́n máa pò mọ́ fúláwà: àgbàdo, gbágùúdá, ọkà bàbà. Nígbà tí Ọbásanjọ́ wà lórí àlééfà, ìjọba tún ní kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ìdá 10 nínú 100 sí fúláwà. Nísinsìnyí tí owó dọ́là ti gòkè láti Okúdù 2023, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó búrẹ́dì, torí pé òkèèrè la ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa. Nítorí náà, ẹni tó bá pọn ọkà bàbà mọ́ búrẹ́dì kò dá àṣà tuntun sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wàyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ lè ya abala yìí sórí fóònù yín.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwúkàrà, ọjọ́ márùn-ún sí méje ló máa gbà. Ẹ ra ọkà bàbà pupa, ẹ ṣà á dáadáa. Èyí tó bá ti bu tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù, ẹ má sọ pé iná á pa á. Ẹ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, ẹ má jọ̀ ọ́. Ẹ bu síbí ìjẹun mẹ́ta sínú ìgò tó mọ́, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó títí á fi ki bí àmàlà tó rọ̀ díẹ̀. Ẹ bu síbí omidùn méjì sí i, kó tètè kan. Ẹ dé e, ẹ má dé e pa. Lójoojúmọ́, ẹ da ìdajì rẹ̀ nù, kí ẹ fi ìyẹ̀fun àti omi tuntun sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ó lè máa hó wàràwàrà, kó sì máa rùn. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dà á nù, wọ́n á ní ó ti kú. Kò kú o. Àwọn kòkòrò tí a kò fẹ́ ló kọ́kọ́ hó yẹn, kíkan ti ń lé wọn lọ ni, kí àwọn tí a fẹ́ lè gbapò. Ẹ máa fún un lóúnjẹ lọ. Tó bá ti ń rùn bí ògì tó dáa, tó sì ń wú láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ fún un lóúnjẹ, ó ti tó lò. Àmọ́ tí ẹ bá rí ohun pupa, aláwọ̀ osùn tàbí dúdú tó hu irun lórí rẹ̀, gbogbo ìgò náà ni kẹ́ ẹ dà nù.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ yan búrẹ́dì, iṣẹ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ bu síbí ìwúkàrà méjì sínú abọ́, ẹ fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà 100 gráàmù àti omi 100 mílílítà pò ó, ẹ bò ó. Ìkejì, ẹ mú ọkà bàbà 80 gráàmù tí ẹ fi odó fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ 50 gráàmù, ẹ wá da omi híhó 250 mílílítà lé e, ẹ rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Ẹ bò ó di àárọ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń ṣe búrẹ́dì Borodinsky náà máa ń da omi híhó lé ìyẹ̀fun ráì báyìí. Ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà dì mú, kó sì ní adùn díẹ̀ láìsí ṣúgà. Lára ọkà bàbà, ó ṣe pàtàkì gan-an, torí pé ọkà bàbà kì í fà rárá, kì í sì í yọ̀ bíi ti ráì.

Ní àárọ̀, ẹ da abọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ìyẹ̀fun àlìkámà 350 gráàmù sí i, èyí tí wọ́n lọ̀ teèpo teèpo, síbí kékeré iyọ̀ kan àtààbọ̀, àti síbí òróró kan. Ẹ máa fi omi sí i díẹ̀díẹ̀, bí 120 mílílítà. Àlìkámà yìí ló máa gbé ọkà bàbà dúró, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Tí ìwúkàrà yín bá ṣì kéré lágbára, ẹ lè fi ìdajì síbí kékeré yísìtì ràn án lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pò títí. Síbí onígi ni kẹ́ ẹ fi rò ó papọ̀, ó máa lẹ̀, ẹ jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ fi òróró pa páànù búrẹ́dì ńlá kan, ẹ dà á sí i kó má ju ìdá méjì nínú mẹ́ta páànù náà lọ, ẹ fi ọwọ́ tútù tẹ́ orí rẹ̀. Nínú ooru Àkúrẹ́, wákàtí méjì sí mẹ́ta ló máa fi wú. Tí ihò kéékèèké bá ti ń yọ lórí rẹ̀, iná ló kàn.

Ẹni tó ní ófùn, kó gbé e sí 220 fún ìṣẹ́jú 15, kó dín in kù sí 180 fún ìṣẹ́jú 50. Ẹni tí kò ní ófùn bíi tèmi, tí iná ọba náà kì í bá wa ṣàdéhùn, ìkòkò ńlá onírin la ó lò. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fi nǹkan kùn nínú kó má baà lẹ̀. Ẹ fọ yanrìn, ẹ sá a gbẹ, ẹ dà á sínú ìkòkò kó ga tó ìka méjì, ẹ gbé irin tàbí agolo pẹlẹbẹ lé e. Ẹ dé e lórí gáàsì fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbé páànù sínú rẹ̀. Ẹ dín iná kù, ẹ dé e pa fún ìṣẹ́jú 70 sí 80. Ẹ má máa ṣí i wò. Tí ẹ bá ki igi tín-ín-rín bọ̀ ọ́ tó jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Orí rẹ̀ lè má pọ́n púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ́n lè dojú rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn.

Èyí tó le jù ló kù: ẹ má gé e. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá gé e ní gbígbóná, á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ẹ ó sì rò pé kò jinná. Àwọn tó ń ṣe ti ráì náà máa ń fún un lọ́jọ́ kan kó tó dúró dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín. Kò rọ̀. Kò dà bí Àgége rárá, ẹ má wá a níbẹ̀. Ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, ó kan díẹ̀, ẹ ó sì máa bá hóró pàdé lẹ́nu. Ìgbà tí màámi kọ́kọ́ jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Èyí, eyín là ń fi í jẹ o." Nísinsìnyí, ègé méjì tí kò nípọn ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹ̀wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ègé mẹ́rin tẹ́lẹ̀, torí pé ó ń yó wọn. Nọ́ńbà tó ń jáde lẹ́yìn wákàtí méjì sì kéré ju ti búrẹ́dì aláwọ̀ yẹn lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ara màámi nìyẹn, ègé méjì sì kéré sí mẹ́rin, ìyẹn náà wà nínú ìṣirò. Ọkà ni ọkà bàbà, ṣítáàṣì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe oògùn. Tí ẹnì kan bá ní àtọ̀gbẹ nílé yín, pàápàá tó bá ń lo insulin, kó má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí búrẹ́dì kankan, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì fi ẹ̀rọ wọn ohun tí oúnjẹ náà ṣe lára tirẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yẹn kì í wo àwọ̀. Tí ẹ ò bá tilẹ̀ ní yan búrẹ́dì kankan láyé yín, ẹ kọ́ àwọn òbí yín bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń san owó lé owó nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé èyí tó dúdú ló dáa, kò sì sẹ́ni tó bá wọn ka lẹ́tà wínníwínní yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kódà tí kò bá wú. Ẹ sọ irú ọkà tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ìwúkàrà yín fi jí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò ka díẹ̀ lára rẹ̀ kí a tó wọnú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ bá mi kí ìyá ọlọ́gì àdúgbò yín, ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n má da omidùn nù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.